Ọ̀rọ̀ Etí Ọmọ Wa

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a kọ nǹkan sínú ìwé ọdún yìí, owó ìfẹ̀yìntì àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ni a fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ ni ó ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀, kí a kọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn wa ní 2022, nítorí àwọn kan ṣì wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí wọ́n gbà pé jẹjẹrẹ ni ó ṣe ọmọ wa.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kẹ́lọ́ìdì ni.

Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni nígbà tí a lu etí rẹ̀, kò sì sí wàhálà kankan. Ní 2014, tí ó di ọmọ ọdún 17, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ lu ihò kejì sókè ti àkọ́kọ́. Egbò náà jiná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò dúró, ó ń wú. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹ̀pà, ó wá dà bí kóro àgbálùmọ̀. A fi òrí pa á, a fi àdí pa á. Ní 2016 a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n gé e. Kí ọdún tó yí po, ó ti padà, ó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tún gé e ní 2019, wọ́n sì ń gún ojú àpá náà lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sá fún un. Nígbà tí yóò fi di 2021, ó ti tó ẹyin ẹtù. Ọmọ tí kì í fẹ́ wé gèlè tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí kì í ṣí orí.

Ní 2022 wọ́n wá tọrọ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà mọ̀ nípa etí yìí, kò sì kà á sí. Ọmọ wa ni ó ní òun kò ní gbé etí bẹ́ẹ̀ wọ ilé ọkọ. Dókítà oníṣẹ́ abẹ tí a lọ rí wá sọ fún wa pé bí a bá gé e lásán, bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó máa ń padà. Ó ní bí a bá gé e tán, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtànṣán sí i, ó pẹ́ tán láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ó kọ lẹ́tà fún wa sí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Ohun tí a rí lára ilẹ̀kùn dókítà náà ni "Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àwọn ọmọ ní òun kò wọlé. A bẹ̀ ẹ́ títí. Dókítà náà, ọmọbìnrin Núpé kan tí kò tíì tó 40 ọdún, fi Hausa bá wa sọ̀rọ̀: "Baba, ku yi haƙuri." Ó ní bí a kò bá rí i sọ fún wa, àwa kọ́ ni àkọ́kọ́ tí ẹ̀rù ń bà. Ó ní ní 1895 ni Röntgen rí ìtànṣán X-ray ní Jámánì, pé ní ọdún kejì gan-an, ní Vienna, dókítà kan tí ń jẹ́ Leopold Freund fi tọ́jú àmì onírun lára ọmọdébìnrin kan, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní títí di òní, àwọn dókítà Jámánì ń fi díẹ̀ lára rẹ̀ tọ́jú gìgísẹ̀ àti orúnkún tó ń dun àwọn àgbà. (Orúnkún tiwa fetí sílẹ̀ dáadáa.)

Ó ní kẹ́lọ́ìdì dà bí bíríkìlà tí wọ́n ní kó dí ihò ara ògiri, tí ó dí i tán, tí kò gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí, tí ó ń mọ ọ́n lọ. Ìtànṣán ni ó ń dá bíríkìlà náà dúró nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé kọ́ńkéré. Bí a bá pẹ́ jù, ògiri ti gan.

A wá béèrè èyí tí ó wà lọ́kàn wa: ṣé ohun tí ń wo jẹjẹrẹ yìí kò lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in? Kò parọ́ fún wa. Ó ní ó ṣẹlẹ̀ rí. Láàárín 1948 sí 1960, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú làpálàpá orí ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Israel, àwọn kan nínú wọn sì ní kókó nínú ọpọlọ nígbà tí wọ́n dàgbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n tọ́jú eegun ẹ̀yìn wọn bẹ́ẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fi ṣeré mọ́: wọn kò ní fún aboyún, wọ́n ń yẹra fún ọmọdé, wọ́n ń fi òjé bo ọrùn, ìtànṣán náà kì í sì í wọlé jìnnà. Jẹjẹrẹ lè gba Gray 60 tàbí 70. Ti ọmọ wa, 15 ni, ní ìgbà mẹ́ta. Ewu rẹ̀ kéré, ó ní, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ pé kò sí.

A kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì a ti mú bírò jáde láti fọwọ́ sí ìwé, dókítà ní ọmọ ọdún 25 kì í ṣe ọmọdé, òun ni yóò fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, tiwa ni ó ń gbọ̀n.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹjọ ni wọ́n gé e. Nígbà tí a dé ibi ìtànṣán ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ti kú. Dókítà pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Abuja, ìyẹn ní kí a máa bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà Abuja ṣe rí ní 2022. Ọkọ̀ ojú irin kò rìn láti ìgbà tí wọ́n ti kọlù ú ní oṣù Kẹta, kò sì tún rìn títí di oṣù Kejìlá. Ìyá àwọn ọmọ ní ṣé nítorí etí ni a ó ṣe lọ kó sọ́wọ́ àwọn ajínigbé? A kò rí èsì fún un. A wọ mọ́tò. Láti Rigasa dé Zuba, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà.

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán wọ́n fi ìtànṣán sí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan lára. A sùn lọ́dọ̀ ará ìlú wa kan ní Kubwa títí ó fi pé ọjọ́ mẹ́ta.

Kí a tó padà, ẹnì kan tí ó rí wa lẹ́nu ilẹ̀kùn ọjọ́sí ti gbé ìròyìn dé ìpàdé. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin ènìyàn wa wá pẹ̀lú àdúrà àti àpò ìwé tí ₦15,000 wà nínú rẹ̀. Ìyá kan sunkún. A ṣàlàyé, wọ́n ń mi orí bí ẹni tí kò fẹ́ bá ọlọ́ṣọ̀ọ́ jiyàn nínú ọ̀fọ̀. (A kò ná owó náà. Ó wà nínú ìwé akápò.) Èyí tí ó dùn wá ni pé ìdílé ọkọ gbọ́. Wọ́n pè wá lórí fóònù, wọ́n ní kí a sọ òótọ́.

A ní kí ìyá ọkọ náà wá fúnra rẹ̀. A gbé lẹ́tà dókítà kalẹ̀, kò wò ó. Ọmọ wa ni ó tú gèlè rẹ̀ níwájú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó tú u níwájú àlejò láti ọdún pípẹ́. Ìyá náà sún mọ́ ọn, ó wo ojú abẹ náà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?" Ó ní, "Rárá, mà." Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá ọdún náà.

Awọ ibẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ní ọdún tó kọjá, nǹkan kékeré kan bí orí ìṣó yọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní kí a máa wò ó, kò sì tíì ga sí i. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò.

Ní 2024 ó bí obìnrin. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ọkọ ti gbé abẹ́rẹ́ àti òwú jáde láti lu etí ọmọ. Ọmọ wa kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a kò ní lù ú." Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá náà wo etí ọmọ wa, ó wo ti ọmọ tuntun, ó sì ká òwú rẹ̀ padà sínú àpò.