Ẹ Ka Eyín Ọmọ Yín Láti Àárín

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ wà lọ́wọ́ yín lábúlé, ẹ pe ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje tó bá wà nítòsí yín. Ẹ ní kó lanu níta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín eyín iwájú nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa kà lọ sẹ́yìn lápá kan. Tẹ́ ẹ bá ka márùn-ún, tẹ́ ẹ tún rí ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà yẹn kì í ṣe eyín ọmọdé o. Eyín àgbà ni. Tó bá bàjẹ́, òmíràn kò ní hù níbẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi darúgbó.

Ogún ni eyín ọmọdé: márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Ohun tó ń tan àwọn òbí jẹ ni pé eyín kẹfà yìí kì í dúró kí eyín kan yọ kó tó jáde. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló ń gbà hù, láìsí ariwo. Eyín iwájú tó ń mì ni gbogbo ilé máa ń mọ̀ sí, èyí tí àwa náà jù sórí òrùlé nígbà èwe wa, tá a sì ń fẹnu pamọ́ fún alángbá.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì ní abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ọmọ tí eyín ń dùn, èmi á ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Á gbọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, á máa fi apá kan jẹun, ìwé kò sì ní wọ̀ ọ́ lórí. Mo rántí ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ní, “Tíṣà, ẹ má ṣèyọnu, eyín ọmọdé ni, yóò yọ.” Wọ́n fi áṣáà sí i, wọ́n fi ògógóró sí i. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ni wọ́n tó ta adìyẹ gbé e lọ sí Ìbàdàn. Yíyọ nìkan ló kù tí wọ́n lè ṣe. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni.

Èmi kò dá ìyá yẹn lẹ́bi. Ẹni tó ń bọ̀ láti Akanran tàbí Ìyànà Ọfà yóò san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, oko ọjọ́ kan á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ihò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ta ló máa lọ? Ìgbà tó bá wú la máa ń lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi rò pé iṣẹ́ dókítà eyín kò ju kó yọ eyín lọ.

Èmi rí i pé ilé-ìwé ló lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọdún tí eyín kẹfà ń hù náà ni ọmọ ń wọ kíláàsì kìíní. Àwọn oníṣègùn eyín UCH ti gbé ìtọ́jú jáde kúrò ní ilé ìwòsàn ńlá lọ sáàárín ìlú, ní ibùdó wọn tó wà ní Ìdíkàn. Iṣẹ́ náà kò sì gba ẹ̀rọ púpọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Tansania, láàárín ọdún 1980 sí 1990, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fi irin ọwọ́ kékeré ha ibi tó jẹrà kúrò, tí wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì eyín dí i. Kò gba iná mànàmáná, kò sì sábà gba abẹ́rẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 1994. Ní 2021, wọ́n fi irú sìmẹ́ńtì yìí àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride kún àwọn oògùn tó pọn dandan. Orí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé gan-an, ó ṣeé ṣe.

Nílé ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń fi orín fọ ọmọ lẹ́nu, ẹ ò ṣì í, ṣùgbọ́n iwájú ni orín máa ń mọ sí lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ fún un ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré, pẹ̀lú ọṣẹ tó ní fluoride, èròjà tó ń mú eyín le. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó, láàárọ̀ àti kó tó sùn. Kó tu ú dànù, kó má fi omi púpọ̀ yọnu. Kí àgbàlagbà bá a fọ ti ẹ̀yìn. Ní ti súìtì, èyí tó ń lá láti àárọ̀ dalẹ́ ló burú jù, torí gbogbo ìgbà tí ṣúgà bá kan eyín ni kòkòrò inú ẹnu ń sọ ọ́ di omi kíkan tó ń jẹ eyín.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá pé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí ẹnì kan dìde, kó ní kí ọ̀gá ilé-ìwé kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n wá wo ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti wú, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, kò gbọdọ̀ dúró de ìpàdé kankan. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.