Èbúté Tó Dára Lójú Atukọ̀

Bí ènìyàn bá dárúkọ Màríínà l'Ékòó, báńkì àti ilé gogoro ni ọ̀pọ̀ ń rántí, wọn kì í rántí ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀, etí omi ni ibẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ sì ń gúnlẹ̀ nítòsí rẹ̀, ní CMS.

Èrò a máa fi òrùlé àti àga ìjókòó díwọ̀n èbúté. Ìhà omi ni atukọ̀ ń wò. Ṣé omi jìn tó níbẹ̀ nígbà tí ọ̀sà bá fà? Ṣé wọ́n gbá táyà mọ́ etí pèpéle kí ara ọkọ̀ má baà fọ́? Bí odò Ògùn bá gbé koríko wọ inú ọ̀sà, ta ni ń kó o kúrò? Koríko yìí, pẹ̀lú ọ̀rá piọ́wọ́tà, a máa lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á sì máa léfòó kiri pẹ̀lú èrò inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni alábòójútó tó lè sọ pé rárá. Òjò ń ṣú, èrò ń kánjú, ẹni tó ni ọkọ̀ ń retí owó. Atukọ̀ nìkan kò lè kọ̀, nítorí ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò gbà. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka èrò kí ọkọ̀ tó ṣí, tí ẹnikẹ́ni kì í wọlé láìwọ ẹ̀wù amúniléfòó, atukọ̀ yóò kùn nítorí owó tó sọnù. Yóò kùn títí yóò fi so okùn ọkọ̀ rẹ̀ tán. Ibẹ̀ náà ni yóò padà sí lọ́jọ́ kejì.