Láti Kétu dé Abidjan: orúkọ ta ló wà nínú ìwé ọkọ̀ yín?

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn-àjò tí mo ti lọ tí mo ti bọ̀. Èyí tí à ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ ni, nínú ilé wa níbí ní Ìkòsí, Kétu. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ọkọ̀ Sienna wa yóò gbé èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti ìyá wa dé Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. A óò la Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá kí a tó débẹ̀.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí ẹ ò wọ bàálù? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ Èjìgbò ni ìyá wa, Èjìgbò ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun o, kì í ṣe èyí tó wà l'Ékòó níbí. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé lójú wọn, Abidjan kò jìnnà. Bọ́ọ̀sì ń gbéra níbẹ̀ lọ tààrà sọ́hùn-ún, agbo ilé tí kò ní èèyàn ní Abidjan kò sì pọ̀. Èjìgbò ni mo ti rí ìyá aláta tó gba owó sẹ́fà lọ́wọ́ oníbàárà láì wojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 1969, ọmọ ọdún 22 ni ìyá wa, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ṣòwò ní Kumasi. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Gánà. Ẹ̀yin àgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá níbẹ̀, ẹ ò lè gbàgbé. Ìyá wa di ẹrù, ó forí lé ilé. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ tirẹ̀ lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, ó di ará Treichville ní Abidjan. Bí ìwé kan ṣe ya ọmọ ìyá méjì nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ti fojú kan ara wọn. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ìyá Abidjan kò gbé e kúrò nílé mọ́. Ìyá wa ní òun fẹ́ lọ rí i, ó sì ní ọ̀nà ilẹ̀ ni òun fẹ́ gbà, kí òun la Gánà kọjá lẹ́ẹ̀kan láì sáré. Ta ló máa bá a jiyàn?

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. A ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ní 2017, ọkọ ìyá Abidjan kú, a sì ní a ó lọ síbi ìsìnkú. Mo ní ọkọ̀ kan nígbà náà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo pààrọ̀ táyà, mo pààrọ̀ bátìrì, mo ra ọ́ìlì, gbogbo nǹkan ń dán. Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Orúkọ ẹni tó tà á fún mi ló ṣì wà níbẹ̀. Ní ààlà kejì, ọ̀gá kan wo ìwé, ó wo páásípọ́ọ̀tù mi, ó bi mí pé ta ni ẹni yìí. Mo ṣàlàyé títí. Ó ní kí n mú ìwé tí ẹni náà fi yọ̀ǹda ọkọ̀ fún mi wá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí rẹ̀. Èmi ò ní in. A bẹ̀ ẹ́ títí oòrùn fi wọ̀, kò gbà. N kò lè bá a jà, ohun tí ìwé wí ló wí. Ìyá wa kò sọ ọ̀rọ̀ kan lójú ọ̀nà títí a fi dé Ojóta. Níbẹ̀ ló ti wá bi mí pé, "Wọ́n á ti sin ín báyìí, àbí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba wa ti ààlà ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ 2019, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí i padà. Gánà ti tirẹ̀ nítorí Kòrónà, wọn kò ṣí i títí di oṣù kẹta 2022. Ọdún ń lọ, ìyá ń dàgbà.

Nígbà tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pé ó ti tó oṣù mẹ́rin tí a ti ń palẹ̀ mọ́, ẹ̀rín ló fi mí rín lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ!" Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun wa ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Barcelona. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dover, wọ́n sọ̀ ní Calais, wọ́n gba Paris, ó di Spéìnì. Láàárín Faransé àti Spéìnì, pátákó ojú ọ̀nà ló sọ fún wọn pé wọ́n ti kọjá ààlà. Kò parọ́. Ọdún 1985 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Schengen, ní 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lò, orílẹ̀-èdè 29 ló sì wà nínú rẹ̀ lónìí. Ní ti ọkọ̀, kò rí wàhálà. Ó lẹ lẹ́tà UK mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rántí pé bí ó bá ti dé Calais, ọwọ́ ọ̀tún ni kó máa wà.

Mo wá bi í pé, físà ńkọ́? Ohùn rẹ̀ yí padà. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ní. Ìwé báńkì, ìwé ibi iṣẹ́, ìwé òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo rẹ̀ ló kó sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló sì fi ń retí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Lọ́hùn-ún, èèyàn ni wọ́n ń fura sí, ọkọ̀ á kọjá. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ èèyàn rọrùn. Láti 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Ọkọ̀ gan-an ni ọ̀ràn, nítorí ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ ìlú lè tà á síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣọ́bodè fi ń kọ ìwé àyè ráńpẹ́ fún un, wọ́n á sì fẹ́ rí i kó jáde padà.

Torí náà, Kétu ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe Sẹ̀mẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yí orúkọ inú ìwé ọkọ̀ padà sí tèmi, orúkọ náà sì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ó gba Brown Card tẹ̀lé e. Inṣọ́ránsì tí àwọn orílẹ̀-èdè wa fẹnu kò lé lórí ní Kútọnu ní 1982 ni. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì yín, nítorí ti ilé nìkan kò bo yín ní Tógò bí ẹ bá gbá ẹnì kan. Láísẹ́ǹsì tó ń lò káàkiri àgbáyé, èmi àti àbúrò mi gbà á, torí méjèèjì la ó máa wà á. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà ńkọ́? Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá gbà á ti tó títí ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé tiyín ti kú torí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, owó ló ń wá.

Owó! Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn mọ̀ pé ọwọ́ tó ń nà síta pọ̀ níbẹ̀. Mi ò lè parọ́ pé mo ní oògùn rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé kàn ń dúró pẹ́ ni, wọn kì í lè dá a padà.

Mo lọ bá awakọ̀ tírélà kan ní Máìlì 12, àwọn tó ń kó tòmátì ti Kánò wá. Ẹ má rò pé mo ṣìnà. Láti Èkó dé Abidjan lé díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà, ti Kánò kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó ní kí a máa dúró ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí a máa fọwọ́ kan táyà bóyá ó gbóná jù. Ó wá ní, "Alàgbà, ọkọ̀ tiyín kò ru tòmátì tó lè jẹrà, kí lẹ wá ń sáré fún?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ọjọ́ mẹ́ta la fi í sí: a ó sùn ní Lomé, a ó sùn ní Takoradi, a ó gba Elubo wọ Côte d'Ivoire lójúmọmọ. A kò ní rìn lóru rárá. Pẹ̀lúmi Nubi, obìnrin tó dá wa ọkọ̀ Peugeot kékeré láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó ní 2024, la Yúróòpù àti aṣálẹ̀ kọjá láyọ̀, Côte d'Ivoire yìí ló ti wá ní jàǹbá. Ọpẹ́ ni pé ó dé ilé.

Nígbà tí à ń ṣírò owó, ìyá wa wọ yàrá, ó tú ìdí aṣọ kan, ó kó sẹ́fà jáde. Àbúrò rẹ̀ ló ti ń fi ránṣẹ́ sí i láti ìgbà ayé Abacha. Mo wò ó, inú mi bàjẹ́. Báńkì wọn ti yí owó padà ní 2003, èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá sì ti kú láti ìparí 2004. Mi ò lè sọ fún un. Mo gbà á, mo ní yóò wúlò lọ́nà, mo sì fi náírà tèmi ṣẹ́ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má sọ.

Ó ń bi àbúrò mi bóyá ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń wà ní Gánà, bí ó ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tirẹ̀. A ní rárá, 1974 ni wọ́n ti yí sí ọ̀tún, ọdún méjì lẹ́yìn tiwa. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́."

Ọjọ́ Tuesday tó ń bọ̀ la ń lọ, aago mẹ́rin ìdájí, kí a lè kọjá Máìlì 2 kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èlùbọ́, irú àti aṣọ òfì méjì ti wà nínú báàgì láti oṣù tó kọjá. Alaalẹ́ ni ìyá wa máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi kó tó lọ sùn.

"Ìwé ọkọ̀ yẹn, orúkọ ta ló wà nínú rẹ̀?"

"Orúkọ mi ni, Ìyá."

"Fi hàn mí."

Kò mọ̀wé. Mo máa ń tan iná, mo máa ń fi ìka tọ́ka sí i, á wò ó dáadáa.