Mo Ta Ilé Bàbá Wa Bó Ṣe Wà

Èmi ni dáwódù bàbá mi. Ní ọdún 2021, mo ta ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ní Òkè-Adó, Ìbàdàn, ní mílíọ̀nù 18 náírà. N kò tún òrùlé ṣe, n kò kùn ún lọ́dà, n kò ní kí ayálégbé kankan kó jáde, n kò sì gba ìwé kankan nílé ẹjọ́. Bó ṣe wà ni mo tà á. Àwọn àbúrò mi ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ síta, mo sì gbà. Mo mọ̀ pé lónìí yìí, kì í ṣe èmi nìkan ni dáwódù tí ó ń wá ẹni tí yóò ra ilé bàbá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá. Owó Udoji tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975 ni wọ́n fi kan páànù sórí ilé náà, kò sì sí àlejò tí wọn kì í sọ ọ́ fún. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, yàrá mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí òfin ilẹ̀ ti 1978 jáde, wọ́n gba C of O, ìwé ẹ̀rí onílẹ̀, sí orúkọ ara wọn, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí onírin. Bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ tó yẹn, wọn kò kọ ìwé ìhágún. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ ọ́ ń pe ikú. Wọ́n jáde láyé ní 2017, a sì sin wọ́n sínú ọgbà ilé náà.

Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́, nílànà ìbílẹ̀. Ìyá mi ni ìyáálé, àwa mẹ́rin ni wọ́n bí. Ìyá Kékeré bí méjì, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Èdè-àìyedè ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àgbà, Ìyá Kékeré sì kó àwọn ọmọ wọn lọ sí Òṣogbo nígbà tí wọ́n ṣì kéré. A kò jọ dàgbà pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì wá síbi ìsìnkú Bàbá. Wọ́n dá owó, wọ́n wọ aṣọ ẹbí pẹ̀lú wa, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè. N kò lè sọ pé mo gbàgbé wọn.

Nígbà tó fi di 2021, ilé ti bàjẹ́. Páànù Udoji ti dógùn-ún, òjò ń rọ̀ wọ yàrá méjì lókè, sókàwéè ti rì, ògiri ẹ̀yìn sì ti là láti ìsàlẹ̀ dé ojú fèrèsé. Owó tí àwọn ayálégbé ń san láyé Bàbá náà ni wọ́n ṣì ń san, àwọn mìíràn kò sì san rárá. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọkùnrin mi rí ààyè ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti wá físà akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé owó tí ọmọ yóò ná gbọ́dọ̀ ti sùn nínú báńkì fún ọjọ́ 28 kí ó tó lè fi ìwé sílẹ̀. N kò ní owó tó lè sùn fún ọjọ́ kan.

Ajẹ́ńtì tí mo pè wo ilé náà yíká. Ó ní bí ìwé bá pé, mílíọ̀nù 26 ni yóò pa. Ìwé tó ń wí ni ìwé ogún, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní letters of administration, tí ẹ̀ka probate ní ilé ẹjọ́ gíga máa ń fún àwọn ọmọ nígbà tí òkú kò bá kọ ìwé ìhágún. Láìsí i, ó ṣòro láti gbé ilé tó ṣì wà lórúkọ òkú fún ẹlòmíràn. Ó ní bí n kò bá lè dúró de ìyẹn, òun mọ ẹni tí yóò san 18 lọ́wọ́ kan, tí yóò gba ilé náà bó ṣe wà. Mo ní kó mú un wá.

Gbogbo ènìyàn ni mo sọ fún pé físà ọmọ ló lé mi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ níhìn-ín. Láti gba ìwé yẹn, mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ gbogbo ọmọ Bàbá sílẹ̀, kí ẹbí sì jókòó. Mo mọ ohun tí ẹbí yóò sọ bí wọ́n bá jókòó: ìdí-igi, kí a pín ogún ní iye ìyàwó tó bímọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílé ẹjọ́. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni àwọn lọ́yà fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Suberu Dawodu kú ní Èkó láì kọ ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n pín ogún ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, nítorí ó rí i pé ìyẹn ló tọ́ ní ayé òde òní. Ní 1958, ilé ẹjọ́ tó ju tirẹ̀ lọ yí i padà. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá: ìyá mẹ́rin, ìpín mẹ́rin. Orí-ò-jorí wà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìjà bá dé láàárín àwọn ọmọ ni olórí ẹbí lè lò ó. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, wọ́n sì ti ìdájọ́ yẹn lẹ́yìn.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ibùsùn mi. Ní ìdí-igi, àwọn méjì tó wà ní Òṣogbo yóò gba mílíọ̀nù 9, àwa mẹ́rin yóò pín mílíọ̀nù 9 tó kù. Inú bí mi. Mo bi ara mi pé ta ló tọ́jú Bàbá nígbà àìsàn, ta ló san owó ọsibítù, ta ló ń gba ìpè àwọn ayálégbé lóru. N kò bi ara mi pé ta ló lé àwọn ọmọ kékeré méjì kúrò nílé bàbá wọn. Mo pinnu pé n kò ní pe ẹnikẹ́ni. Mo fún àwọn ọmọ ìyá mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní mílíọ̀nù 2 ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo ní gbèsè ìsìnkú àti àtúnṣe sàréè ni ìyókù wà fún. Mílíọ̀nù 12 wọ àpò tèmi.

Ẹni tó ra ilé náà béèrè ìwé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ mi kó tó sanwó. Mo ní ó ti wà lọ́nà, pé a kàn ń dúró de kí wọ́n bu ọwọ́ lù ú ni. Irọ́ ni. Lọ́yà rẹ̀ wá kọ ìwé títà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi nìkan ni mo ni ilé náà. Mo kà á dáadáa, mo sì bu ọwọ́ lù ú.

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Bí olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí gẹ́gẹ́ bí ilé ẹbí, tí kò gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kó gbà á lọ́dọ̀ wọn, ọjà yẹn ṣì lè dúró títí ẹni tí a rẹ́ jẹ yóò fi lọ sí ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá tà á bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni, kò sí ọjà kankan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Àdéhùn pé olùrà gba ilé bó ṣe wà lè bo òrùlé tó ń jò, ó lè bo ògiri tó là àti sókàwéè tó rì, nítorí ojú olùrà ti rí wọn. Kò lè bo àṣẹ tí ẹni tó ń tà á kò ní.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò pé ọdún kan. Olùrà fẹ́ gba àṣẹ gómìnà, èyí tí òfin ilẹ̀ sọ pé ó gbọ́dọ̀ gbà kí ilé tó ní C of O tó lè di tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o rí i nínú fáìlì pé orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀, wọ́n sì béèrè ìwé ogún. Ó padà wá bá mi, mo wá sáré láti lọ bẹ̀rẹ̀ ohun tó yẹ kí n ti fi ṣáájú. Mo mú fọ́ọ̀mù lọ bá Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá, pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ tí mo kọ, wọ́n yọ jígí wọn, wọ́n ní, “Àwọn ará Òṣogbo dà?”

Àbúrò mi obìnrin láti Òṣogbo pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

“Bọ̀dá mi, ẹ ti ta ilé Bàbá?”

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

“Mi ò pè yín torí owó, sà. Ìwé wo lẹ fi tà á?”

N kò ní èsì. Ó dákẹ́ títí, ó ní ó dàárọ̀, ó sì pa fóònù. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fi ìwé àtakò sílẹ̀ ní ẹ̀ka probate, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri iwájú pé ilé yìí kì í ṣe fún títà. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìpẹ̀jọ́ dé, orúkọ mi ló ṣáájú, ti olùrà tẹ̀lé e.

Mo ṣẹ àwọn àbúrò mi, ṣùgbọ́n mo ṣẹ ọkùnrin tó ra ilé náà pẹ̀lú, àwọn ènìyàn kì í sì í rántí tirẹ̀. Ó ti ká páànù àtijọ́ kúrò, ó ti kan tuntun, ó ti gbẹ́ sókàwéè mìíràn, ó sì ti kó ìyá rẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Sàréè Bàbá tó bá nínú ọgbà, kò fọwọ́ kàn án. Ó mọ ọgbà kékeré yí i ká. Ohun tí èmi tí mo jẹ́ ọmọ kò ṣe nìyẹn.

Kí adájọ́ tó dá ẹjọ́, ó ní kí a lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara wa. A fẹnu kò pé èmi ni n ó dá mílíọ̀nù 18 padà, n ó sì san mílíọ̀nù 9 tó fi tún ilé ṣe. Owó ti di nǹkan mìíràn nígbà yẹn. Láti ìgbà tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà lọ́dún 2023, mílíọ̀nù 18 kò lè ra irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Òkè-Adó, nítorí náà ọkùnrin náà ṣì pàdánù. Mo ta ilẹ̀ méjì tí mo rà sí Mọ́níyà de ọjọ́ ogbó. Àwọn ọmọ ìyá mi dá mílíọ̀nù 2 tiwọn padà. Èyí àkẹ́yìn nínú wọn yá a lọ́wọ́ kóópù.

Ní báyìí, ìwé ogún ti jáde. A ka ohun tí Bàbá ní sílẹ̀, a mú onídùúró méjì wá, a kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kò sí ẹni tó ta kò ó. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ tí mo dá sílẹ̀ gbà ju ọdún méjì lọ. Orúkọ ẹni méjì ló wà nínú ìwé náà, ti àbúrò mi obìnrin láti Òṣogbo àti ti ẹni tó tẹ̀lé mi nínú ọmọ ìyá mi. Wọn kò fi tèmi sí i, mo sì fara mọ́ ọn. Owó ilé tó ń wọlé, ìdí-igi méjì ni wọ́n ń pín in sí. Ọ̀dọ̀ olùrà ni ìpín tèmi ń lọ tààrà, nítorí ó ku mílíọ̀nù 3 tí mo jẹ ẹ́. Ọmọ mi tí a torí físà rẹ̀ ta ilé ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ kún un lóṣooṣù.

Mo bẹ ẹ̀yin dáwódù ẹgbẹ́ mi, ẹ pe gbogbo ìdí-igi kí ẹ tó pe ajẹ́ńtì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ipò àbúrò mi, ẹ má dúró de ìpàdé tí wọn kò ní pè yín sí. Ẹ lọ sí ẹ̀ka probate ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tí ilé bàbá yín wà, ẹ fi ìwé àtakò sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ pamọ́. Ẹ ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gba owó lórí ilé náà.