A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ọ̀rọ̀ méjì wà lẹ́nu àwọn àgbà Yorùbá tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èkíní sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Èkejì sọ pé ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí ó bá di èkíní mú yóò ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé gbe ara wọn da ọmọ ogun wọn pọ̀, kí wọ́n jọ máa ṣọ́ ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá di èkejì mú yóò ní kí onílé kọ̀ọ̀kan di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ mú ṣinṣin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àríyànjiyàn yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ìwé, ó di ọ̀rọ̀ ojú pópó ní Sabon Gari ní ìlú Kano.

Kò yani lẹ́nu pé ibẹ̀ ni ó ti gbóná. Ìtumọ̀ Sabon Gari ní èdè Hausa ni 'ìlú tuntun'. Nígbà tí ọ̀nà reluwé dé Kano ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn àlejò tí ó bá reluwé wá: àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Ìgbò àti ibòmíràn. Títí di òní, ọmọ Yorùbá tí a bí síbẹ̀, tí a sì bí òbí rẹ̀ pàápàá síbẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n. Ọjà Sabon Gari gbòòrò, àwọn oníbàárà a sì máa ti Maradi àti Zinder ní orílẹ̀-èdè Niger wá rajà níbẹ̀. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà sáàárín Nàìjíríà àti Niger gùn ju 1,500 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n ń sọ níhìn-ín, Hausa náà ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí ẹnubodè bá tì, Sabon Gari a mọ̀ ọ́n lára.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun Niger fi ipá gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, àwọn olórí àjọ ECOWAS pé jọ sí Abuja lábẹ́ Ààrẹ Bola Tinubu tí ó jẹ́ alága wọn nígbà náà. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n dá òwò dúró, wọ́n sì fún àwọn ológun náà ní ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n dá Bazoum padà sípò; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àjọ náà lè lo agbára ogun. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tí ó ń fi ránṣẹ́ sí Niger, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ̀ Nàìjíríà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná tí Niger ń lò ti ń wá. Mali àti Burkina Faso náà kò dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gbógun ti Niger ti gbógun ti àwọn.

Ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà náà, àgbàlagbà méjì ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ aláṣọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí irun rẹ̀ ti funfun sídìí ọjà títà. Èkejì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é.

'Ẹ̀gbọ́n,' ni Sájẹ́ǹtì wí, 'bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìdí nìyí tí àwọn olórí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìrànlọ́wọ́ nípa ààbò ní Freetown ní 1981. Nígbà tí Làìbéríà ń jóná ní 1990, ta ni ó lọ pa iná? Àwa ECOMOG ni. Ní 2017, tí Yahya Jammeh tí ó ti pàdánù ìdìbò ní Gambia kò fẹ́ kúrò lórí oyè, ìró ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun ECOWAS ni ó gbọ́ tí ó fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí olúkúlùkù bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni olè yóò kó gbogbo wọn.'

Aláṣọ mi orí. 'Àbúrò, ìyà tí ẹ jẹ ní Làìbéríà kò ṣeé fojú di. Ṣùgbọ́n ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ṣé kì í ṣe ní ibùdó ECOMOG gan-an ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti mú Ààrẹ Samuel Doe ní oṣù kẹsàn-án 1990? Ọdún méje ni ó sì gbà kí ìdìbò tó wáyé níbẹ̀. Rántí ọdún 1960 náà. Omi òmìnira kò tí ì gbẹ lára Nàìjíríà tí ìjọba fi bá Gẹ̀ẹ́sì dá májẹ̀mú ààbò. Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ takò ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn wọ́ lọ sí Èkó láti fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì fòpin sí májẹ̀mú náà ní 1962. Bí òmìnira bá dùn lẹ́nu wa nígbà náà, èéṣe tí ti Niger yóò fi korò lẹ́nu wa? Iná tí wọ́n sì gé yìí, ṣé ọ̀gágun ni yóò sùn sínú òkùnkùn ni, àbí aláboyún?'

'Òmìnira ta ni, Ẹ̀gbọ́n?' ni Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn. 'Ẹni tí aráàlú dìbò yàn wà ní àtìmọ́lé. Ọlọ́dẹ àdúgbò kì í wọ yàrá oníyàrá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí onílé bá kígbe olè, ṣé ìta ni kí ọlọ́dẹ dúró sí? Bazoum kígbe. Inú àtìmọ́lé ni ó wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi jáde nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà pé kí ayé ran ilẹ̀ òun lọ́wọ́.'

'Baálé kígbe lóòótọ́,' ni aláṣọ wí. 'Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ni ó kún pápá ìṣeré ní Niamey, tí wọ́n ń hó fún àwọn ológun. Nínú wọn, ohùn ta ni ìwọ yóò gbọ́?'

Sájẹ́ǹtì kò tètè fèsì. Ìyá kan tí ó ń ta oúnjẹ nítòsí, tí ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogun ní bárékè kan ní Sokoto, ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ. 'Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe bínú. Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń pín ogun bí ẹni ń pín ẹran. Orí ọmọ mi wà nínú ohun tí ẹ ń pín. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ta ni ó bi òun? Ta ni ó bi èmi tí mo bí i? Ta ni ó bi ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ń ṣọ́ ẹnubodè ní òdìkejì?'

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni gbòǹgbò àríyànjiyàn náà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbàgbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka karùn-ún rẹ̀ sọ pé Ààrẹ gbọdọ̀ gba ìyọ̀ǹda Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kí ó tó rán ọmọ ogun lọ jà ní ilẹ̀ òkèèrè, àyàfi tí ewu bá ti dé tán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Niger dé iwájú ilé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ aṣòfin láti ìhà àríwá, tí àgbègbè wọn bá Niger pààlà, kọ ogun. Ilé náà ní kí wọ́n túbọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yanjú rẹ̀. Ogun náà kò sì ṣẹlẹ̀.

Ìtàn fi hàn pé kì í ṣe ìdàpọ̀ ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ bí kò ṣe àìbéèrè. Òpópónà kan wà ní Sabon Gari tí ó ń jẹ́ Burma Road. Orúkọ náà mú ogun àgbáyé kejì wá sí ìrántí, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gambia jọ jà ní Burma lábẹ́ àsíá kan ṣoṣo. Ọmọ ogun àjùmọ̀ní ni wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣẹ wà. Bí òmìnira ti dé, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kó ọmọ ogun tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò yọ Yúróòpù sílẹ̀. Ní 1952, orílẹ̀-èdè mẹ́fà níbẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà. Faransé ni ó dá àbá yìí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé kan náà ni ó sì pa á ní oṣù kẹjọ ọdún 1954, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kí àṣẹ lórí ọmọ ogun wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀rù Jámánì tí yóò tún gbé ìbọn sì ń bà wọ́n.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e ní Niger. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mali, Burkina Faso àti Niger fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Liptako-Gourma, pé bí wọ́n bá kọlu ọ̀kan, wọ́n ti kọlu gbogbo wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 wọ́n kéde pé àwọn ń kúrò nínú ECOWAS. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025 ìyapa náà fìdí múlẹ̀. Àwọn tí ó ń pariwo òmìnira kò kọ ààbò àjùmọ̀ní rárá. Àṣẹ tí ó ti ibòmíràn wá ni wọ́n kọ̀. Síbẹ̀, àwọn náà kò bi aráàlú wọn nínú àpótí ìdìbò kí wọ́n tó yapa.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, ọ̀nà mìíràn hàn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti gbàjọba ní Benin, ilẹ̀ Kétu àti Sábẹ, ìjọba tí ó wà lórí oyè ni ó ké sí Nàìjíríà. Ọkọ̀ òfuurufú ogun lọ, ọmọ ogun sì tẹ̀lé e. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i. Onílé kígbe, ọlọ́dẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ìyá olóúnjẹ yẹn yóò ṣì béèrè ìdí tí ìbéèrè fi kẹ́yìn ìrìn.

Ìdáwà kò ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Niger yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjùmọ̀ní tí ó ń gbógun ti àwọn agbésùmọ̀mí ní àyíká Adágún Chad, bẹ́ẹ̀ ni agbésùmọ̀mí kì í béèrè ibi tí ààlà wà kí ó tó sọdá. Ìdàpọ̀ tí kò ní ìbéèrè pàápàá kì í pẹ́ tú. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ jọ ṣọ́ ilẹ̀ wọn gbọdọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tí ìyà ogun yóò kàn: ará ẹnubodè, ọlọ́jà, ọmọ ogun àti ìyá rẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá gbà, kò sí orílẹ̀-èdè tí yóò sọ pé wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún.