Iyọ̀ funfun lórí ilẹ̀ wúrà: ẹ̀kọ́ tí Johannesburg ń kọ́ wa

Ìlú Johannesburg ní orílẹ̀-èdè South Africa kò sí létí òkun, kò sì sí létí odò ńlá kankan. Orí òkè ló tẹ̀dó sí, ó fi nǹkan bíi 1,750 mítà ga ju ojú òkun lọ, ìrì dídì a sì máa bo koríko ibẹ̀ láàárọ̀ nígbà òtútù. Bí kì í bá ṣe ti wúrà, ta ni ìbá kọ́ ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ síbẹ̀? Àwọn onílẹ̀ kò tilẹ̀ fi bò, Egoli ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ibi wúrà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn ní Hillbrow àti Yeoville mọ orúkọ náà dáadáa. Àmọ́ wúrà kọ́ lọ̀rọ̀ wa lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́búlẹ́bú funfun kan tí wúrà bí sílẹ̀ tó sì fi sílẹ̀ lọ ni.

Ẹni tó bá gba ìhà gúúsù ìlú náà kọjá, lọ́nà pápá ìṣeré Soccer City tí wọ́n ti gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 2010, yóò rí àwọn òkè kan tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àwọ̀ wọn sì dà bíi ti èso ìyeyè. Ọlọ́run kọ́ ló dá wọn síbẹ̀. Òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná láti yọ wúrà inú rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n wá dà jọ gègèrè. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ ọdún, nígbà tí òjò kì í rọ̀, nǹkan funfun a máa bo ẹsẹ̀ àwọn òkè náà àti etí àbàtà ìsàlẹ̀ wọn, bí ẹni pé wọ́n da iyọ̀ síbẹ̀. Jípúsọ́ọ̀mù wà lára iyọ̀ náà.

Jípúsọ́ọ̀mù kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni wọ́n ń sun kí wọ́n tó fi ṣe POP tí à ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí àjà ilé, òun náà ni wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán ní ọsibítù, òun ni wọ́n sì ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì kó má baà tètè gan. Nílẹ̀ wa, wọ́n ń wà á ní Nàfádà ní ìpínlẹ̀ Gombe àti ní Fíkà ní ìpínlẹ̀ Yobe. Ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, títí dé inú aṣálẹ̀, ni èèyàn ti sábà máa ń rí i lórí ilẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ a gbé èròjà méjì dání: kálísíọ́ọ̀mù, irú èyí tó wà nínú òkúta sìmẹ́ńtì Ewékorò àti nínú ìkarahun ìgbín, àti imí-ọjọ́ tó ti yòrò sínú omi. Oòrùn a fa omi náà sókè, omi a gbẹ, àwọn méjèèjì a sì dì mọ́ra, nígbà mìíràn tí wọn yóò dà bí òdòdó tí wọ́n fi òkúta gbẹ́.

Johannesburg kì í ṣe aṣálẹ̀ ní tirẹ̀. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ọmọ èèyàn ló gbé ohun aṣálẹ̀ wá síbẹ̀.

Lọ́dún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní oko Langlaagte. Òkúta tó gbé wúrà yìí dání ti lò tó nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún láyé, òkúta wẹ́wẹ́ tí omi àtijọ́ kó jọ ni, tó wá dì mọ́ra bí kọnkéré. Wọ́n gbà pé nínú gbogbo wúrà tí ọmọ aráyé ti wà rí, bíi ìdá méjì nínú márùn-ún ló ti ibẹ̀ jáde. Síbẹ̀, ìwọ̀nba gíráàmù díẹ̀ ló wà nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan. Gbogbo ìyókù ló di òkè iyanrìn.

Wúrà nìkan kọ́ ló wà nínú òkúta náà. Páíráìtì wà níbẹ̀, ohun tó ń dán bíi wúrà ṣùgbọ́n tó jẹ́ irin àti imí-ọjọ́ lásán. Nígbà tó sùn sábẹ́ ilẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí atẹ́gùn àti òjò kàn án lára, ó di ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Láti bíi ọdún 1890 sì ni wọ́n ti ń fi sáyánáìdì yọ wúrà, tí wọ́n ń pò ó mọ́ ẹfun òkúta tí wọ́n sun. Kálísíọ́ọ̀mù inú ẹfun pàdé ásíìdì, jípúsọ́ọ̀mù sì délẹ̀.

Jípúsọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò le, ohun tó bá a rìn ló le. Irin wà nínú iyọ̀ funfun náà, yúréníọ́ọ̀mù náà sì wà níbẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ a yòrò, a sì ṣàn wọ odò Klip tó ń lọ pàdé odò Vaal. Bí atẹ́gùn oṣù kẹjọ bá sì dé, eruku àwọn òkè náà a wọlé tọ àwọn ará Riverlea àti Soweto. Ìjọba amúnisìn aláwọ̀ funfun ló pín ilẹ̀ fún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkè náà láyé ọjọ́un.

Lọ́dún 2002, omi ásíìdì kún inú ihò ìwakùsà tí wọ́n ti pa tì ní apá Randfontein, ó sì ṣàn jáde sójú ilẹ̀. Láàárín ọdún 2012 sí 2017 ni ìjọba gbé iṣẹ́ ìtọ́jú omi kalẹ̀ ní Randfontein, Germiston àti Springs. Ẹfun náà ni wọ́n ń dà sínú omi láti pa ásíìdì rẹ̀, ohun tó sì ń ṣẹ́kù ni ẹrẹ̀ tó kún fún irin àti jípúsọ́ọ̀mù. Omi tí wọ́n tọ́jú gan-an ṣì ń gbé èròjà imí-ọjọ́ lọ. Àwọn àgbà ní, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní Johannesburg, ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ti kú tàbí kí wọ́n ti kó ẹrù wọn lọ. Àwọn ọmọ tí kò bá wọn jẹun ló wá ń ru igbá.

Kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú èyí? Wúrà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wà á ní Ìtagúnmódì àti Igun, iléeṣẹ́ ìwakùsà Ṣẹ́gilọlá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tirẹ̀ lọ́dún 2021. Odò Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO ka igbó rẹ̀ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé lọ́dún 2005, ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀, àwọn tó mọ̀ sì ń nawọ́ ìka sí àwọn tó ń wa wúrà lókè odò. Ẹrẹ̀ ni ti Ọ̀ṣun, ásíìdì ni ti Johannesburg. Àrùn wọn kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n kó wúrà lọ, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin ìwakùsà ilẹ̀ wa ti ọdún 2007 là á sílẹ̀ pé owó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún àtúnṣe ilẹ̀ tí wọ́n bá wà. Kí àwọn ọba wa, àwọn aṣòfin wa àti àwọn onílẹ̀ béèrè owó náà nísinsìnyí tí ilé ìwakùsà ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò dá wọn lóhùn bó bá ti kógbá sílé. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò Johannesburg jìn tó, ó yẹ kí ó kọ́ wa.