Ẹyin Aláràbarà ní Ọ̀tan-Ilé

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, bí ẹ bá ti Òṣogbo gba Ìbòkun, tí ẹ sì wọ àárín àwọn òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ ó dé Ọ̀tan-Ilé, ìlú oníkòkó tí kò jìnnà sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Àkókò Àjíǹde ni ó wù mí kí ẹ dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ wa ń lọ sí “Gálílì”: wọn a gbé oúnjẹ jáde sí gbangba, wọn a jẹ, wọn a jó, ní ìrántí iṣẹ́ tí áńgẹ́lì rán ní ibojì pé Olúwa ti ṣáájú lọ sí Gálílì. (Àwọn obìnrin ni ó sì rán.)

Ní òkè òkun, ẹyin ni wọ́n ń kùn ní àkókò yìí, tí wọ́n ń fi pamọ́ kí àwọn ọmọdé máa wá a kiri. Mo fẹ́ kí ẹ mú un wọ Gálílì tiwa, kì í sì í ṣe nítorí àfarawé. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí, pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6 èròjà amúnidàgbà, ọmọ tí ń dàgbà ni ó sì yẹ fún jù. Ẹyin tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá rí, lójú ìyá ọkọ àti gbogbo ẹbí, ta ni yóò pe ọmọ náà ní olè?

Àwọn ọmọ tí ń ṣeré lórí fóònù ti mọ irú ìwákiri yìí. Ilé-iṣẹ́ Atari ti Amẹ́ríkà kì í kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe eré sára rẹ̀ nígbà náà, ni Warren Robinett bá fi orúkọ tirẹ̀ pamọ́ sí yàrá ìkọ̀kọ̀ kan nínú eré Adventure, tí ó jáde ní 1980. Ọmọdékùnrin kan ni ó rí i. Wọ́n pè é ní ẹyin Àjíǹde, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo ohun tí a bá fi pamọ́ sínú eré tàbí fíìmù lára.

Ẹ wá ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ tí èèpo rẹ̀ funfun. Ẹ sè é pẹ̀lú èèpo àlùbọ́sà fún ìṣẹ́jú 12, yóò pọ́n rúsúrúsú. Pòròpórò ọkà bàbà, tí àwọn Fúlàní fi ń pa wàrà láró, ń pọ́n jù ú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ọnà, ẹ fi àbẹ́là yíyọ́ kọ ọ́ sára ẹyin sísè tí ó ti tutù, kí ẹ tó rì í sínú omi àwọ̀ tí ó ti tutù. Ibi tí àbẹ́là bá wà kò ní mu àwọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣọ̀nà Òṣogbo ti ń ṣe é lára aṣọ, tí àwọn obìnrin Ukraine sì ń fi ìda oyin ṣe é lára ẹyin. Aró aláṣọ kì í ṣe ohun jíjẹ. Ẹ má fi kàn án.

Ẹ má fi ẹyin pamọ́ sí abẹ́ ewé gbígbẹ nínú oko kòkó, nítorí ejò. Ẹ ka iye rẹ̀. Wákàtí 2 ni ẹyin sísè lè wà níta; bí oòrùn bá mú, wákàtí 1. Èyí tí wọn kò bá rí títí di ìgbà náà, ẹ wá a jáde fúnra yín, kí ẹ sì sọ ọ́ nù.